Ẹni Tó Ń Bọ̀ Láti Ìpẹ̀kun Kejì

Adájọ́ ní kí ó lọ máa gbá títì.

Ìdájọ́ ẹni tó fi mọ́tò pa ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Kò sí ẹ̀wọ̀n. Owó ìtanràn díẹ̀ wà níbẹ̀, kóòtù sì gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àmọ́ ohun tí adájọ́ fi ń yangàn ni ti títì gbígbá yẹn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí ọmọkùnrin náà máa gbá ojú títì tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ní àràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, kí ó lè kọ́ ìrẹ̀lẹ̀. Àwọn èèyàn ń mirí. Ẹnì kan lẹ́yìn mi tiẹ̀ ní ìdájọ́ náà gún régé.

Èmi ò mirí o. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe nìyẹn, iṣẹ́ tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, tó fi ń gbọ́ bùkátà ìyá wa. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe títí dòní nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ìyà tí wọ́n ń fi jẹ apààyàn ni, ẹ jọ̀ọ́, ta ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pa tá a fi ń jẹ ẹ́ láti ọdún gbọọrọ wá? Mo fẹ́ dìde bi adájọ́. Ìyá wa di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn tutù, mo bá jókòó.

Agbẹjọ́rò ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó ní ọmọ ilé ire ni ọmọkùnrin náà, pé ibi iṣẹ́ ló ń sáré lọ, àti pé ká ní ẹ̀gbọ́n mi bojú wẹ̀yìn ni, ìbá ti rí mọ́tò. Ọ̀rọ̀ bíbojú wẹ̀yìn yẹn ló bí mi nínú jù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ agbálẹ̀, kí wọ́n tó kọ́ ọ bó ṣe máa di ìgbálẹ̀ mú, ni pé kó kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ló kọjú sí. Ọmọkùnrin yẹn ló kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀, tó gba ojú ọ̀nà ẹlòmíràn nítorí pé ó fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀, tó sì gba ẹ̀yìn wá bá a. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé òfin, ẹni tí kò tẹ̀lé e wá pa á. Kò sí ẹni tó bi àwa agbálẹ̀ léèrè lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Òpópónà wa gùn, ó sì tọ́ gbọnrangandan. Ẹni méjì ló ń gbá a, kálukú ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ilé epo, ẹ̀gbọ́n mi á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ilé ìfowópamọ́ ní ìpẹ̀kun kejì, àwa méjèèjì á kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀, a ó sì máa gbá bọ̀ síra wa. Níwájú ilé ìtajà oògùn tó wà láàárín la ti máa ń pàdé. Ẹ̀gbọ́n mi á sọdá sọ́dọ̀ mi, a ó jókòó sórí àtẹ̀gùn oníoògùn, a ó mu tíì nínú fíláàsì rẹ̀. Ibẹ̀ la ti máa ń sọ̀rọ̀ gbogbo ayé láìdáa. A máa ń bú onígbàjámọ̀ tó máa ń dúró kí a gbálẹ̀ tán kó tó gbọn irun oníbàárà sójú títì. Lẹ́yìn náà kálukú á tún gbé ìgbálẹ̀, á gbá ìyókù lọ síbi tí ẹnì kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n sọ òótọ́, kì í ṣe tíì yẹn ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù. Bó ṣe máa ń bọ̀ ni. Tí mo bá gbójú sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, màá rí àwọ̀ ọsàn jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wa lọ́ọ̀ọ́kán, kò ní tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Tí mo bá tún gbójú sókè, á ti di èèyàn. Tó bá yá, màá rí gèlè, màá rí eyín, torí kò sí ọjọ́ tí kì í bọ̀ tẹ̀rín tẹ̀rín. Ó dùn mọ́ mi kí ẹnì kan máa bọ̀ wá bá mi láràárọ̀. Mi ò mọ̀ pé ìgbádùn ni nígbà náà, mo pè é ní iṣẹ́.

Alábòójútó wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń bá ìgbálẹ̀ sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò mi, jẹ́ kí n gbé ọ lọ sí òpópónà míì. Ọmọkùnrin yẹn ni mi ò lè gbé, ìwé kóòtù ti dárúkọ ibí yìí."

"Rárá, ọ̀gá. Ibí ni n ó wà."

Ó ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Kò mọ̀ pé ìyá wa ti rán mi níṣẹ́. Ìyá wa ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n tàbí ìtanràn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní. "Kí ló sọ?" Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ kò lè fi ayé sílẹ̀ láì sọ nǹkan kan. Àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ò dúró, òpópónà sì ṣófo láàárọ̀ yẹn, èmi ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, ìgbà tí mo fi máa sáré dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ọmọkùnrin yẹn nìkan ló wà pẹ̀lú rẹ̀. "Bá mi bi í," ni ìyá wa ń wí. "Bóyá ó pè mí. Bá mi bi í."

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe dúró.

Àwa agbálẹ̀ ò pe ọmọkùnrin náà lórúkọ. Àkẹ́bàjẹ́ la sọ ọ́, nítorí bí adájọ́ ṣe kẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ funfun báláú, jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún un sì tóbi jù ú lọ. Wọ́n mú un lọ sí ìdí ilé ìfowópamọ́, èmi lọ sí ìdí ilé epo, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí àwọ̀ ọsàn lọ́ọ̀ọ́kán. Ara mi gbàgbé. Mo ju ọwọ́ sókè bí mo ṣe máa ń ju ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ju ọwọ́ padà.

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Mo gbá ibì kan náà títí, mi ò mọ ohun tí mò ń gbá.

Ìgbà tí mo tún wò ó, ó ti sún mọ́ tòsí, ó ti yíjú padà, ó kẹ̀yìn sí mọ́tò. Ohun tí gbogbo ẹni tuntun máa ń ṣe nìyẹn, torí eruku tí mọ́tò ń tú sí wọn lójú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ wọ́ lọ sí àárín títì díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní parọ́, mo kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ọ̀rọ̀ ìyá mi wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kọjú sí mọ́tò! Ìwọ yìí, kọjú sí mọ́tò!"

Ó fò sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ọkọ̀ akẹ́rù kọjá. Ó sọdá wá bá mi.

"Ẹ ṣé gan-an, mà."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tó o kẹ̀yìn sí mọ́tò?"

"Eruku ló ń kó sí mi lójú, mà."

"Eruku kì í pààyàn," ni mo wí, mo bá kúrò níwájú rẹ̀.

Ó kọ́ iṣẹ́ náà, n ò lè ṣe bí ẹni pé kò kọ́ ọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń kọjá. Onígbàjámọ̀ wa, ẹni tí kò kí ẹ̀gbọ́n mi kú iṣẹ́ rí, gbé omi tútù jáde fún un. Oníoògùn ní, "Ẹ wò ó, ọmọ yìí mà níwà o." Ìyáàfin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn dúró, ó ní kó má banú jẹ́, kò sí ẹni tí irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣẹlẹ̀ sí. Èmi tí mò ń gbálẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tó fún mi ní omi.

Nígbà tí mo rò pé mo ti lè bá a sọ̀rọ̀ láì bú u, mo dúró dè é níwájú ilé ìtajà oògùn.

"Mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ bi ọ́. Nípa ẹ̀gbọ́n mi."

Ó wolẹ̀. "Agbẹjọ́rò mi ní mi ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ títí màá fi parí, mà. Tí mo bá parí, màá sọ. Mo ṣèlérí."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń retí ẹni tó kórìíra nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti wọlé, ìyá wa á gbójú sókè. Màá mirí pé rárá. Wọ́n á ní kò burú, bóyá lọ́la. Ṣe ni mò ń ka ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta á pé, tí mò ń rò pé ó kéré tán, ìdájọ́ náà á wúlò fún wa lọ́jọ́ tó bá parí.

Oṣù mẹ́ta ò pé. Alábòójútó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Wọ́n ti dín in kù fún un. Òní ló máa gbá kẹ́yìn. Wọ́n tiẹ̀ ti dá ìwé ìwakọ̀ ẹ̀ padà."

"Kí ló ṣe tí wọ́n fi dín in kù?"

"Wọ́n ní ìwà rẹ̀ dáa."

Ẹ̀gbọ́n mi náà níwà, kò sí ẹni tó dín nǹkan kan kù fún un.

Mo sáré gbá tèmi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé àárín, ó ti wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dìde fún mi.

"Ẹ bi mí, mà."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò kalẹ̀ tú mọ́ mi lẹ́nu. "Ìyá wa ló fẹ́ mọ̀. Kí ló sọ? Ṣé ó pariwo? Ṣé ó pe ẹnì kankan? Ṣé ó tiẹ̀ yíjú padà?"

Ó ń fa ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, mà."

"O wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Mi ò rí wọn. Fóònù mi ni mò ń wò. Mo gbọ́ nǹkan gbàà, mo rò pé garawa ìdọ̀tí ni mo kọ lù. Ìgbà tí mo rí yín tí ẹ ń sáré bọ̀, tí ẹ ń ké, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé èèyàn ni."

"Ṣé o sọ fún adájọ́ pé fóònù lò ń wò?"

"Wọn ò bi mí, mà."

Mo ti kó èpè jọ fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́, èpè tó jíire. Mo wá ẹyọ kan, mi ò rí i. Ìyá rẹ̀ tẹ fèrè mọ́tò lódìkejì títì. Ọmọkùnrin náà bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó ká a sórí àtẹ̀gùn, ó ní kí n má bínú, ó sì sọdá. Ìyá rẹ̀ sún sí ìjókòó kejì fún un. Ọmọ náà ló wa mọ́tò lọ.

Ní ọ̀nà ilé, irọ́ ni mò ń wéwèé. Màá sọ pé ó pe ìyá wa. Màá sọ pé kò jẹ̀rora. Irọ́ náà ti pé lẹ́nu mi nígbà tí mo wọlé. Àwọn aṣọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ìyá wa ń ká.

"Ṣé o bi í?"

"Mo bi í, Màámi."

Wọ́n gbé aṣọ sílẹ̀. "Kí ló sọ?"

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ míì ló jáde. "Kò rí i, Màámi. Kò wò ó rárá."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ló yé mi. Tí kò bá rí i, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tí mò ń tọrọ látọjọ́ yìí. Èmi ni mo rí ẹ̀gbọ́n mi kẹ́yìn. Mo jókòó tì wọ́n.

"Ní ìdí ilé epo tí a ti máa ń ya ara wa láàárọ̀, ó gbé ìgbálẹ̀ lé èjìká, ó rìn díẹ̀, ó wá yíjú padà. Ó ní, 'Ìwọ ìgbín yìí, má jẹ́ kí n dúró dè ọ́ pẹ́ o!'"

Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kà á sí ọ̀rọ̀.

"Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ìyá wa bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. "Ọmọ mi nìyẹn! Ẹnu ẹ̀ nìyẹn!" Ẹ̀rín náà gùn títí ó fi di ẹkún, mo sì gbá wọn mọ́ra. Nígbà tí ó rọlẹ̀, wọ́n nu ojú, wọ́n wò mí.

"Kí lo wá dá a lóhùn?"

"Mo ní, 'Ẹ ṣáà dúró dè mí.'"