Ìgbì Ojú Kírísítà

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún àgbà pé kó panu mọ́? Ìṣòro tó wà níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹ̀kán omi purotéènì kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́wọ́, oṣù méjì gbáko ni mo sì fi ṣe é.

Kírísítà kan, ègé líle tó ń dán bíi dígí, tí kò tó hóró iyọ̀, ń dàgbà nínú omi náà. Mo fẹ́ ya bó ṣe ń to ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele kí omi tó gbẹ. Ẹ̀rọ yàrá ìwádìí wa kì í fojú wo nǹkan. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ló fi ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ lórí kírísítà. Ibi tó bá ga, ibi tó bá relẹ̀, á yà á sójú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ìlà kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì omi ti ń bo gbogbo àwòrán wa. Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí wa ní àwárí ńlá ni, pé kírísítà ń mí. Èmi sì ti ṣàkíyèsí pé tí Ọ̀gá bá ti lọ jẹun, kírísítà kì í mí mọ́. Wọ́n fẹ́ràn orin, ohùn wọn, kí n má parọ́, ó ń mi fèrèsé, áḿbọ̀sì abẹ́rẹ́ tín-ín-rín.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, orin àná yẹn, ẹ bá mi kọ ọ́, kẹ́ ẹ máa wo kọ̀ǹpútà."

"Èyí tí mo fi fẹ́ ìyàwó mi?" Wọ́n gbé e tayọ̀tayọ̀. Ìgbì dé.

"Ẹ dúró díẹ̀, sà."

Wọ́n dúró. Ìgbì lọ. Wọ́n húkọ́, ìgbì ta kìjí. Ọ̀gá wò mí, mo wolẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ogún ọdún nìyàwó mi ti ń bá mi sọ ọ́!"

Wọ́n fọwọ́ bonu, wọ́n jókòó tì mí. Àwòrán mọ́ kedere. Hóró purotéènì kan wá, ó ṣí kúrò, ó tún padà, ó jókòó sáyè rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ọ̀gá bọ́ bàtà, wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ́ jáde, wọ́n rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ìpele méjìlá ni mo yà kí omi tó gbẹ. Ìsàlẹ̀ èyí tó kẹ́yìn ni ìgbì kan ti yọ, mo sì mọ̀ pé Ọ̀gá ò lè mú orin mọ́ra mọ́ níta. Nígbà tá a fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, n kò gé ìgbì yẹn kúrò.