Ìtí Ọkà Tí Ẹyẹ Kò Bà Lé

"Ẹ mú ológbò yín wọlé, Ìyá Aslaug! Mo bẹ̀ yín ni o, ẹ mú un wọlé!"

Torleiv di igi ọgbà tó pààlà sáàárín ilé rẹ̀ àti ti ìyá náà mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré. Kò sáré. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀ dé ìdí ọgbà yẹn kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Èémí rẹ̀ ń jáde bí èéfín, ó sì ń di funfun lára irùngbọ̀n rẹ̀.

Ní òdìkejì, Aslaug, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, fi ṣọ́bìrì tó fi ń kó yìnyín gúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e.

"Ológbò wo? Mons ti sùn sẹ́yìn ààrò láti ọjọ́ Kérésì, ó ń hanrun bí bàbá àgbà. Ìwọ ọmọ Halvor, ṣé àlá lò ń lá lóòró ni?"

"Kí ló wá dé tí wọn ò fi bà lé e?"

"Àwọn wo? Bà lé kí ni?"

Torleiv fi igi ọgbà sílẹ̀. Ó ti sọ̀rọ̀ jù. Odindi ìgbà òtútù méjì ni àwọn méjèèjì kò fi bára wọn sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ tí Mons gbé ẹyẹ aláyà pupa kan sẹ́nu kọjá níwájú wọn bí ọba tó ń lọ sí ààfin, tí Torleiv sì sọ òkò yìnyín lu ológbò náà. Aslaug pè é ní ìkà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, orí lásán ni wọ́n máa ń mì síra wọn tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà.

Ó yí padà, ó rọra tọ ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé. Ó gbìyànjú kó má wo òkè. Ó wò ó.

Ìtí ọkà náà wà lórí òpó láàárín ọgbà, ó rí bí irun ọmọ tuntun, pupa rẹ́súrẹ́sú, pẹ̀lú ọ̀já pupa tó fi dì í nídìí. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti gbé e kọ́. Kò sí ẹyẹ kan tó fẹnu kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni pẹpẹ tó ń da hóró dúdú àti ọ̀rá ẹran sí, tí kò jìnnà sí òpó yẹn, ń kún fún ẹyẹ láti òwúrọ̀. Wọ́n á jẹ, wọ́n á fò sókè, wọ́n á yí ìtí náà po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì kọjá lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ní àfonífojì yẹn, ẹyẹ ló máa ń kọ́kọ́ jẹun ọdún kí ènìyàn tó jókòó sídìí àwo. Bàbá Torleiv kì í fi èyí ṣeré. Òun ló sì máa ń sọ ọ́ pé: "Ìtí tí ẹyẹ bá kọ̀, onílé ni wọ́n kọ̀." Nígbà tí Torleiv wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ìtí wọn wà lórí òpó títí ọdún fi parí, ó pé pérépéré. Ní oṣù kẹta, wọ́n gbé ìyá rẹ̀ nínú pósí gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ ìtí yẹn nílé. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ ohun tó rí.

Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Agogo mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ìta ṣì búlúù. Láti oṣù kọkànlá ni oòrùn kò ti gun òkè tó wà lójúkojú ilé, ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn ń dé bí ohun tó gba inú omi kọjá. Nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni àwọn ẹyẹ ń rọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń gòkè, láìsí ìró kankan lẹ́yìn gíláàsì. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe é bí ẹni pé òun ló wà nísàlẹ̀ odò, tí wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lókè orí òun. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni nísàlẹ̀ odò.

Fóònù dún. Ingunn, àbúrò rẹ̀, ni, láti ìlú Trondheim.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti pè wọ́n?"

"Mo fẹ́ pè wọ́n."

"Láti ìgbà wo lẹ ti fẹ́ pè? Agogo méjìlá ọ̀sán òní ni ilé ìwòsàn kọ sínú ìwé yẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n máa kọ̀wé sí yín rèé. Tí ẹ ò bá pè, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún láyè yín lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn lẹ sì máa padà sí."

"Ta ló máa bọ́ àwọn ẹyẹ?"

"Ẹyẹ?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lémi máa lò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró láàárín òtútù, Ingunn. Wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé mi."

"Èmi náà gbẹ́kẹ̀ lé yín," ni Ingunn wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó pa fóònù.

Ìwé náà wà lábẹ́ ago kọfí. Torleiv kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ilé ìgégi ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìka ló sì fi ń tọ ìwé tó bá ń kà á. Ó ti ka èyí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ilẹ̀kùn kékeré kan nínú ọkàn rẹ̀ kò tì dáadáa mọ́, wọ́n máa la àyà rẹ̀, wọ́n á tún un ṣe. Dókítà ti sọ ọ́ fún un lójúkojú pé tí wọn kò bá tún un ṣe, bóyá ni yóò rí omi odò tó ti di yìnyín kó tún máa ṣàn. Gbogbo ìyẹn yé e. Ibi tí wọ́n ti ní àwọn máa fi oorun ìjìkà kùn ún ni ìka rẹ̀ máa ń dúró sí. Kò rí ibi tí wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe ń jí ènìyàn.

Kò pẹ́ tó gbọ́ ìró irin lórí yìnyín níta. Aslaug ni, ó gun ọmọlanke yìnyín rẹ̀, tí wọ́n máa ń dúró lé tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ kan tì, gba ojú títì yí wá. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun, ó jókòó.

"Àbúrò rẹ pè mí. Ó ń sunkún. Èmi ò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sunkún sí mi létí lójú mọmọ. Kọfí dà?"

Torleiv bu kọfí fún un. Díẹ̀ dà sórí tábìlì. Aslaug fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún.

"Ó dáa. Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ọkàn mi ni."

"Mo mọ̀ nípa ọkàn. Gbogbo abúlé ló mọ̀. Mo ní kí ló ń ṣe ọ́?"

Ó wo fèrèsé. Ó sọ ọ́ ní wẹ́wẹ́ bí ẹni tó ń tu egungun ẹja lẹ́nu: ìtí náà, ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ọdún ìyá rẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi nípa ti ológbò," ó ní. "Mò ń wá ohun mìíràn tó lè fà á ni. Ológbò ì bá tẹ́ mi lọ́rùn."

Aslaug kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ago rẹ̀ kalẹ̀.

"Halvor! Bàbá rẹ yẹn náà ló sọ fún àwa ọmọbìnrin pé tí obìnrin bá súfèé nínú ahéré orí òkè, gbogbo wàrà màlúù ló máa kan. Mo súfèé láti ìrúwé dé ìkórè. Dìde. Wọ kóòtù."

"Ibo là ń lọ?"

"Ìdí òpó."

Níta, Torleiv dúró sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ sáàárín abíyá. Nígbà tó rí i tí ìyá náà ń tú okùn, ó ké.

"Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀! Ogúnjọ́ tí ìtí ọdún gbọ́dọ̀ lò lókè ò tíì pé!"

"Kí ló tún máa ṣẹlẹ̀ sí ọ? Ṣebí o ti kú tán lẹ́nu ara rẹ."

Ó jọ̀wọ́ okùn. Ìtí náà bọ́ sílẹ̀. Kò dún rárá, bí ìgbà tí ìyẹ́ bá bọ́ sórí ìrọ̀rí. Aslaug bọ́ ìbọ̀wọ́, ó já orí ọkà mélòó kan, ó ra wọ́n láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó fẹ́ ẹ. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ó na ọwọ́ sí Torleiv, àtẹ́lẹwọ́ òfo.

"Hóró dà?"

Torleiv wò ó. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já tirẹ̀, ó ra á, ó fẹ́ ẹ. Èèpo. Ó já òmíràn láti inú. Èèpo. Láàárín ìtí gan-an, ibi tí ọ̀já ti dì í, àwọn nǹkan dúdú kéékèèké kan wà bí ẹ̀tù.

"Ibo lo tọ́jú rẹ̀ sí láti ìkórè?"

"Inú abà. Orí ilẹ̀, lẹ́yìn igi ìdáná."

"Ìgbẹ́ èkúté rèé. Wọ́n ti bá ọ ṣọdún kí ọdún tó dé. Nígbà tí o gbé e kọ́, ṣé kò fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni?"

Ó fúyẹ́. Ó rántí. Lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú bí èémí rẹ̀ ṣe kúrú tó, ó gbé e gun àkàbà láìsinmi, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé agbára òun ṣẹ́ kù díẹ̀.

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ni Aslaug wí, ó ń nu ọwọ́. "Ológbò mi tí ò ń sọ lókò yìí, òun ni ì bá bá ọ lé wọn. Bí ológbò ò bá sí nílé, kí ni ilé máa ń dà?"

"Ilé èkúté," ni Torleiv dáhùn bí ọmọ ilé ìwé.

Nígbà náà ni ẹ̀rín mú un. Ó rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi há, ó ní láti jókòó sórí yìnyín, Aslaug dì í mú léjìká. Ẹ̀rín náà lọ. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ibi tó máa sá pamọ́ sí mọ́. Kò sí ológbò, kò sí ìtí, kò sí ẹyẹ.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá Aslaug."

"Mo rí i."

"Tí wọn ò bá jí mi ńkọ́?"

"Nígbà tí wọ́n fẹ́ la egungun ìdí mi, mo bú dókítà yẹn, mo sì ń gbàdúrà sí Ọlọ́run, lẹ́nu kan náà. Ọmọ gidi ni. Ó ní kí n máa bú òun lọ." Ó gbá yìnyín kúrò lára kóòtù rẹ̀. "Èmi ò lè sọ fún ọ pé o máa jí. Èmi ò mọ̀. Wá sílé mi."

Torleiv kò tíì wọ ilé yẹn láti ọdún méjì. Òórùn rẹ̀ kò yí padà, òórùn ọṣẹ àti àkàrà ọdún. Mons wà lẹ́yìn ààrò lóòótọ́, ó la ojú kan, ó tún dì í. Aslaug fà á lọ sí fèrèsé ilé ìdáná.

"Ibí ni mo ti máa ń jókòó," ó ní. "Mo mọ àwọn ẹyẹ rẹ ju bí o ṣe rò lọ. Èyí tó yarọ lẹ́sẹ̀ yẹn, orí pákó òsì lò ń da tirẹ̀ sí. Mons á wà nínú yàrá títí wọ́n á fi jẹun tán. Èmi ni mo máa bọ́ wọn títí o fi máa padà dé. Mo ti pinnu."

Torleiv kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń wo ọgbà ara rẹ̀. Kò tíì rí i láti ibí rí. Ó kéré, ó dákẹ́, ó búlúù, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ síwá sẹ́yìn lórí yìnyín bí ìlà ìka lórí ìwé. Lẹ́yìn pẹpẹ, fèrèsé rẹ̀ wà níbẹ̀, àga rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan lórí àga.

Ẹyẹ kan já bọ́ láti orí igi. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn rọ̀ sílẹ̀ pọ̀, aláyà pupa, aláyà òféfèé, àwọn ológoṣẹ́ oníjà, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń rọ̀, níwájú àga òfo yẹn. Ó ń retí kí àyà rẹ̀ já. Ó dúró dè é. Ohun tó dé dà bí ìgbà tí wọ́n bá gba ẹrù lórí ẹni láìṣe pé ẹni ní kí wọ́n gbà á. Báyìí ló máa rí, ó rò ó. Tí mo bá lọ, báyìí ló máa rí. Ó dára.

Ó wá fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fẹ́ rí i nígbà tí oòrùn bá gun òkè.

"Agogo mélòó ni?"

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí méjìlá lù."

Ó yọ fóònù jáde. Ìka rẹ̀ ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Aslaug wà nídìí ààrò, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ro iná tí kò béèrè ríro. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọlé. Obìnrin kan dáhùn, ó béèrè orúkọ rẹ̀.

Torleiv sọ ọ́. Ó sọ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ní kó gbóhùn sókè, òun ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà níta, kò sì fẹ́ kí àwọn ẹyẹ náà fò lọ.