Ẹsẹ̀ Màámi Lórí Kòkó

Láti àárọ̀ ni ara Ìfẹ́dayọ̀ kò ti balẹ̀. Kò mọ dùùrù tẹ̀, kò mọ ìlù lù. Inú fóònù ló ti ń fìka to ìró ìlù jọ. Bó bá tò ó tán, á pa á rẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìlù ń dún, àmọ́ kò wọ òun alára létí.

Ìyá rẹ̀ wà lágbàlá, ó ń fẹsẹ̀ tú kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní, kòkó ń ró ṣàà, ṣàà, bí ìlù ti ń dún.

"Ìfẹ́dayọ̀, pa ariwo yẹn. Kì í ṣe orin ìjọ, kì í ṣe orin ayé. Gbogbo Erijiyan ló ti ń gbọ́ ọ."

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Inú bí ọmọ. "Ó ti tó, Màámi, mo ti gbọ́." Ó tẹ fóònù, ìlù dákẹ́.

Kòkó náà dákẹ́. Ìfẹ́dayọ̀ gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ dúró láàárín ẹní, ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Tan nǹkan ọ̀hún padà," ni ìyá wí, kò wojú ọmọ. "Mi ò tíì tú u dé ìdajì."