Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ọládépò

Nígbà tí Mubaraq ta ilé tí bàbá rẹ̀, Bàbá Ọládépò, fi sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Waliyat aránṣọ, ayálégbé kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀, kò bú u, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Àwọn aládùúgbò ló bá a bínú, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹni tó ra ilé náà, Alhaji Saifudeen tó ń ta irin ní Takie, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun gbọ́ pé Waliyat ti sanwó ilé títí di òpin ọdún tó ń bọ̀, àti pé tòun ti àdéhùn rẹ̀ lòun ra ilé. Kò sẹ́ni tó máa lé e títí ọdún rẹ̀ yóò fi pé. Àmọ́ yàrá ló yá, kò yá ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ lòun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí báyìí. Waliyat kúnlẹ̀ dúpẹ́. Wọ́n kí i kú oríire, ó dáhùn. Kò dùn ún, kò sì dùn mọ́ ọn.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbé ṣọ́bìrì àti díígà dé, ó jáde sí wọn.

"Alhaji, ọmọ mi wà níbẹ̀."

Ó rò ó fún un láìgbóhùn sókè. Ọmọ náà kò tí ì pé ọjọ́ kẹjọ tí wọn ì bá sọ ọ́ lórúkọ, tó fi kú. Bàbá Ọládépò ló gbé e, tó sì lọ sin ín sẹ́yìn ilé.

Alhaji ṣí fìlà. Ó ní kó fi ojú ibẹ̀ han àwọn, àwọn á fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, ẹnì kan ò ní fọwọ́ kàn án.

Waliyat na ọwọ́ sí ìdí igi ọsàn, ó mú un kúrò. Ó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó tún mú un kúrò. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Nítorí náà ni bàbá ò ṣe fi han òun tàbí Israfil ọkọ òun, tí kò sì sọ fún Mubaraq títí tó fi kú. Àṣà tó dára ni, nígbà tí onílé bá ṣì ń bẹ láyé.

"Mi ò mọ ibẹ̀, sà."

Alhaji wo ilẹ̀ títí. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ.

"Màmá, tí kò bá síbi tá a lè yà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ la máa fi sílẹ̀. Ẹnì kan ò ní gbẹ́ ẹ títí ọdún yín fi máa pé."

Waliyat tún kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó tó yé e. Bí ọdún bá pé, òun lè di ẹrù òun lọ wá yàrá míì. Ọmọ náà ò níbi tó ń kó lọ.