Àga Màmá Lórí Òkè

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà ní ilé ìwòsàn eyín, ogún ọdún gbáko ló sì ti fi ń wo inú ẹnu àwọn ẹlẹ́nu. Ó ti rí eyín tó jẹrà dé gbòǹgbò, ó ti fi òwú gba ọyún, ó ti gbé abọ́ itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ dání, kó tó lọ jẹun ọ̀sán láìyínmú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa sọ pé kò sí ohun tó lè rí i lára. Wọn ò tí ì mọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni.

Ẹlẹ́sẹ̀-Irin ni ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí ń pe ara rẹ̀, nítorí ó ní ẹ̀ẹ̀meje lòun ti gun òkè àdúrà, òkè gàgàrà tí wọ́n gbẹ́ ẹgbàá àtẹ̀gùn sí lára, tí ilé àdúrà kékeré kan wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a lọ rí nínú ẹbí, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àgbà jiyàn?

Màmá tó bí wọn ló ní ẹ̀jẹ́ láti san. Nígbà tí ọkọ nọ́ọ̀sì, àbíkẹ́yìn rẹ̀, já bọ́ níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, tó sùn ọjọ́ mẹ́sàn-án láìmọ ẹni tó ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, Màmá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní bí ọmọ òun bá lajú, òun á gun òkè náà lọ dúpẹ́. Ọmọ lajú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀ di òní, kò lè bá ìyá rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní òun á lọ dípò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi múra. Tí iṣẹ́ bá parí, Màmá á wá bá a ní ilé ìwòsàn, àwọn méjèèjì á máa gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin náà lọ sókè sódò, Màmá tòun ti àpò ìrẹsì lẹ́yìn bí ẹni pọnmọ. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin!

"Ìyàwó mi," á wí, á di orúnkún mú, "bí eléyìí ṣe ń dún yìí, òkè á rò pé ilẹ̀kùn ògbólógbòó ló ń bọ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi jókòó.

Ẹlẹ́sẹ̀-Irin ò gun àtẹ̀gùn kankan. Ìwàásù ló máa ń wá ṣe. Á nà gbalaja sórí àga ní pálọ̀ nọ́ọ̀sì, á bọ́ ìbọ̀sẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun, á wá máa bó èépá gìgísẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń bó ẹ̀pà. "Òkè yẹn ò fẹ́ ọ̀lẹ," á wí. "Ọkàn mímọ́ ló ń gbéni débẹ̀." Tó bá lọ tán, nọ́ọ̀sì á kúnlẹ̀, á máa ṣa awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Kí ọjọ́ tó pé, ọkọ rẹ̀ gba àga fún Màmá: àga onígi tí wọ́n dè mọ́ ọ̀pá gígùn méjì, tí alábàárù méjì ń gbé léjìká. Àdéhùn wọn ni pé Màmá á fẹsẹ̀ rìn débi tí agbára rẹ̀ bá mọ, lẹ́yìn náà á jókòó.

Òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Ẹlẹ́sẹ̀-Irin ló ṣíwájú bí afinimọ̀nà, àwọn alábàárù sì gbé àga òfìfo tẹ̀ lé wọn. Òkè mímọ́ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ò mọ́ rárá. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn, ike omi kún inú koríko, ìtọ̀ ń rùn lẹ́yìn gbogbo òkúta ńlá. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà níbi ìsinmi, èèyàn á kúkú mú un mọ́ra títí dọ̀la ju kó wọ̀ ọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì fi ìborùn dí imú. Màmá ń tẹ̀ lé e, ó ń ka àtẹ̀gùn lábẹ́nu.

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin àtẹ̀gùn, Ẹlẹ́sẹ̀-Irin dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmá, ṣé kò tí ì rẹ̀ yín? Ẹ jẹ́ n bá yín jókòó díẹ̀ sórí àga yìí, kó má baà máa lọ lófìfo."

Màmá ní kó jókòó. Ìyá ni.

Díẹ̀ yẹn ni kò tán mọ́. Nígbà tí wọ́n kọjá ẹgbẹ̀fà, Màmá dúró. Ó fọwọ́ ti òkúta, ó sì bì. Nọ́ọ̀sì fi ìborùn rẹ̀ nu ẹnu Màmá, ó fún un lómi. Èébì yẹn ò rí i lára rárá.

"Bọ̀ọ̀dá," ó pè é, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rẹ Màmá."

Ẹyin sísè ni Bọ̀ọ̀dá ń jẹ lórí àga. Èèpo rẹ̀ ń já bọ́ sí ọrùn alábàárù tó wà níwájú, ó ń lẹ̀ mọ́ òógùn ọkùnrin náà. Ó gbé ẹyin mì, ó gùfẹ̀.

"Ìyàwó, ìwọ ò mọ nǹkan ẹ̀mí. Ẹ̀jẹ́ téèyàn bá fi àga san, ṣé ẹ̀jẹ́ nìyẹn? Ìbùkún Màmá ni mi ò fẹ́ kó dínkù." Ó gbá ọ̀pá àga. "Ó yá, ẹ gbéra!"

Wọ́n gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ́nà. Bí eyín jíjẹrà bá wà lẹ́nu èèyàn, ìrora á sọ fún un. Èyí tó jẹrà sínú ẹ̀gbọ́n ọkọ òun yìí, kò dun onítọ̀hún rárá.

Ó fi apá Màmá kọ́ ọrùn. Wọ́n gun mẹ́wàá, wọ́n jókòó. Wọ́n gun márùn-ún, wọ́n jókòó. Oòrùn ti kàn wọ́n ní àtàrí kí wọ́n tó dókè.

Wọ́n bá Ẹlẹ́sẹ̀-Irin lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà, ó ń jẹ́rìí fún èrò. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú àga ṣáájú kọ́nà tó kẹ́yìn, ó ti fi omi wọ́n iwájú orí rẹ̀ bí òógùn.

"Ẹ wò ó, màmá mi nìyẹn!" ó kígbe. "Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n gun àga, wọ́n ní àwọn ò gùn!"

Èrò pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì lanu, ṣùgbọ́n Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má ba ọjọ́ mi jẹ́. Jẹ́ n dúpẹ́ ọmọ mi ná."

Nígbà tí Màmá dojú bolẹ̀ tó ń sunkún ọpẹ́, nọ́ọ̀sì dúró ṣánṣán, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń kó o nírìíra nítorí pé ó dákẹ́.

Nígbà tí ó tó àkókò àtibọ̀, Ẹlẹ́sẹ̀-Irin ti tún gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga. Màmá lọ dúró níwájú rẹ̀, lójú gbogbo èrò.

"Dìde."

"Màmá, orúnkún mi…"

"Ìwọ náà ni mo bí, mi ò sì ní sọ pé mi ò bí ọ. Àmọ́ àbúrò rẹ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ló gba àga yìí fún mi. Dìde."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Ó dìde, ó ń fi ẹ̀rín bo ojú. Màmá jókòó, ó ní kí àwọn alábàárù máa lọ, kò sì wẹ̀yìn.

Nísàlẹ̀, wọ́n dúró fún wákàtí mẹ́ta kí Ẹlẹ́sẹ̀-Irin tó yọ. Ìdí ló fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀ jù. Ṣòkòtò rẹ̀ ti ya, gbogbo ohun táwọn èèyàn tu sórí àtẹ̀gùn ló ti fìdí nù. Nínú ọkọ̀, ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá jókòó sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí Ọlọ́run ṣe fi ọ̀nà àbọ̀ dán òun wò. Nọ́ọ̀sì ní kí awakọ̀ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bì títí kò fi sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, ó sì padà wọ ọkọ̀, ó jókòó sórí ìjókòó iwájú.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wá kí wọn, ẹnu ọ̀nà ló ti ń dá a lóhùn, lóòró, ṣókí. Màmá ṣì ń se oúnjẹ fún un nílé tirẹ̀, nítorí ọmọ ni. Nọ́ọ̀sì kì í bá wọn jókòó níbẹ̀. Kì í sì í ṣe pé ó ń bínú mọ́. Oúnjẹ náà ni kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.