Ohun Tí Obìnrin Inú Ilé Yìí Ṣe

Èmi ni mo máa ń lẹ ìwé mọ́ géètì. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Màá fi búrọ́ọ̀ṣì kun gọ́ọ̀mù, màá na ìwé náà lé e, màá wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára kó má baà wú. Ilé Òǹkọ̀wé ni wọ́n ń pe ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí Baba kan tó kọ ìwé mẹ́sàn-án ló gbé ibẹ̀ títí ó fi kú. Wọ́n ti sọ ọ́ di ibi tí àwọn èèyàn ń wá wò: àga rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bàtà rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń tẹ̀wé. Èmi ń gbálẹ̀, mo ń nu gíláàsì, mo ń ṣílẹ̀kùn, mo ń tì í. Ọdún kọkànlá mi rèé. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè mí.

Ìwé kíkà mi ò pọ̀. Kíláàsì karùn-ún ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Mo máa ń kàwé bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn ni: ẹsẹ̀ kan, màá dúró, ẹsẹ̀ kejì. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n ní kí n lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, mo ti lẹ̀ ẹ́ tán kí n tó kà á.

"Ohun tó ń bọ̀ ní Ilé Òǹkọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí." Ọjọ́bọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n kan á sọ̀rọ̀ lórí ìgbà èwe Baba. Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á kàwé fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, eré orí ìtàgé nínú pálọ̀ Baba gan-an. Lábẹ́ ìyẹn ni wọ́n wá fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sí: "Ẹ wá wo bí obìnrin inú ilé ṣe kó ìwé ìkẹyìn Baba sá lọ!"

Mo kà á. Mo tún un kà. Gọ́ọ̀mù ń kán sí mi lórí bàtà.

Obìnrin kan ṣoṣo ló ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn ní ọdún mẹ́ta tí Baba lò kẹ́yìn. Ó ń dáná fún un, ó ń fọṣọ rẹ̀, ó ń dì í lọ́wọ́ mú lọ sí ilé ìwẹ̀. Ìyá mi ni.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Nígbà tí mo wá wáṣẹ́, wọ́n bi mí bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni tó bá ilé náà tan, mo ní rárá. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé wọ́n á ní ogún ni mo wá gbà. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Tí ewé bá já bọ́ látorí igi, màá ti máa wo ẹ̀gbẹ́ mi, kí n mọ ẹni tó máa ní èmi ni mo já a.

Mo wọlé lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ó wà lórí tábìlì ọ̀gá wa, nínú férémù tuntun: bébà kan tí wọ́n rí lẹ́yìn dúróò Baba ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà:

OBINRIN INU ILE YI LO KO IWE MI IKEYIN. KI ENIKENI MA GBAGBE.

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ Baba kò ní àmì. Èmi ni mò ń nu eruku orí rẹ̀, mo mọ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí àmì orí, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Tí Baba bá tẹ nǹkan tán, yíǹkì pupa ló fi máa ń fi àmì sí i; gbogbo bébà títẹ̀ tó wà nínú àpótí gíláàsì ló ní in. Ṣùgbọ́n ojú Baba ti fọ́ nígbà tó tẹ èyí. Ojú tí ò rí bébà, báwo ló ṣe fẹ́ rí ibi tó máa fi àmì sí? Àwọn ọ̀gá wá rí KO, wọ́n fi àmì lé e lórí: ó kó ìwé mi. Wọ́n ní ìwé kẹwàá kan ti wà lẹ́yìn mẹ́sàn-án tí aráyé mọ̀, pé ó palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó gbé e lọ. Tí wọ́n bá wá fi àmì sí ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ó kọ ìwé mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́.

Àmì kan péré, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìwé tí kò sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí olè.

Kò tíì dá mi lójú nígbà yẹn o. Mo kàn ń rò ó ni. Bí mo ṣe ń rò ó ni òṣèrébìnrin tó fẹ́ ṣe obìnrin inú ilé pè mí láti pálọ̀, níbi tí wọ́n ti ń múra eré. Ó ki bébà bọ inú aṣọ rẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí aláboyún.

"Bàbá Kọ́kọ́rọ́! Ẹ wá wò mí. Ṣé mo jọ olè?"

"Ẹ... ẹ jọ ọ́, Mà."

"Háà! Ẹ ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì! Ẹ ti ń fura sí mi tipẹ́ nìyẹn!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mò ń sọ ọ́ níbí torí pé òótọ́ ni: mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ti jókòó sẹ́nu fèrèsé, rédíò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, níbi tó máa ń wà láti ọdún mẹ́ta tí àìsàn ti rọ ọ́. Kò lè fi ọwọ́ yẹn mú ṣíbí mọ́, ká má tiẹ̀ sọ gègé.

"O ti dé? Wọ́n dárúkọ ilé yín lórí rédíò! Wọ́n ní obìnrin inú ilé máa wà nínú eré. Èmi mà nìyẹn! Wọ́n rántí mi."

"Kí ni wọ́n tún sọ, Màámi?"

"Bátìrì ò jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù. Bá mi lọ aṣọ búlúù yẹn kó tó di Àbámẹ́ta. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣeré kò gbọdọ̀ rún bí àpò ìyẹ̀fun."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Màámi, ìwé tí Baba kọ kẹ́yìn, ta ló kọ ọ́?"

"Ìbéèrè òmùgọ̀ wo nìyẹn? Baba ló kọ ọ́."

"Ta ló di gègé mú?"

"Èmi ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní òun ló pọn omi. "Ojú ẹ̀ ti lọ nígbà yẹn. Òun ń sọ, èmi ń kọ. Tí mo bá ṣì í kọ, á fi ọ̀pá gbá ẹsẹ̀ tábìlì, gbàù! Á ní kí n tún un kà. Igba ojú ìwé ó lé mẹ́tàdínlógún. Nígbà tá a parí ẹ̀, ó ní òun máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún aráyé pé èmi ni mo kọ ọ́. Ó jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, ó ń fi ìka wá lẹ́tà bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan, fún ìlà kan." Ó wò mí. "Ṣebí ó wà nínú gíláàsì níbẹ̀, ìwé náà. Ìwọ lò ń nù ún. Ṣé o ò mọ ọwọ́ ìyá ẹ ni?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlá, gíláàsì ni mò ń wò, bóyá ó mọ́. Mi ò wo inú rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ fún un níbẹ̀. Mo la ẹnu. Mo tún pa á dé. Mo dìde, mo lọ aṣọ.

Lọ́jọ́ kejì mo mú lẹ́tà kan dání. Ìyá mi ló kọ ọ́ sí mi nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà nílùú mìíràn, ìwé kan ṣoṣo tó ní ọwọ́ rẹ̀ nínú tó kù sí mi lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá wa títí ó fi rí mi. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ìyẹn gan-an kì í jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá Kọ́kọ́rọ́."

"Mo dúró, Mà. Ọ̀rọ̀ kan ni... nípa KO yẹn, Mà."

"Kóò wo?"

Mo ṣàlàyé. Mo ṣe é wúruwùru. Mo bẹ̀rẹ̀ látìdí, mo fò lọ sórí, mo tún padà. Mo sọ pé ìyá mi ni. Níbi tí mo ti sọ ìyẹn, ó gbé gègé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo fún un ní lẹ́tà. Ó gbé e lọ sí ìdí àpótí gíláàsì, mo tẹ̀ lé e, ìṣísẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú wo inú rẹ̀. Lẹ́tà "g" inú ìwé náà ní ìrù tó ká bí ìwọ̀ ẹja. Ti inú lẹ́tà mi náà ní in. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé èémí rẹ̀ bo gíláàsì. Mo rí i pé ó rí i. Kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

"Ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí yìí," ó ní.

"'Ìwé... ìkẹyìn, tí Baba... fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.'"

"Nítorí ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe ń wá láti ọ̀nà jíjìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni àmì yẹn yẹ kó wà."

"Mo gbọ́ yín. Bí kálukú bá ṣe kà á ló ṣe máa rí. A ti pèsè gbogbo ẹ̀ tán, Bàbá. Àga ti kún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wà lọ́nà. Tí ọ̀sẹ̀ yìí bá kọjá, a ó jọ jókòó wò ó."

"Wọ́n á ti pè é lólè kó tó kọjá, Mà."

"Kò sórúkọ nínú eré náà. Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Ó ń bọ̀ wá wò ó, Mà."

Ó wá ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá nígbà náà." Ó ká lẹ́tà mi. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú èyí, kó má sọnù." Ó fi í sínú dúróò rẹ̀, ó tì í. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn ló wà nídìí mi, àfi ti dúróò yẹn.

Ẹlòmíì ì bá ti fi ẹsẹ̀ fọ́ dúróò náà. Ẹlòmíì ì bá ti lọ bá akọ̀ròyìn. Èmi, mo ní, "Ẹ ṣé, Mà."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo sọ fún ìyá mi pé àga ti tán.

"Àga tán? Àga tí ọmọ mi fúnra ẹ̀ tò? Yéé pa irọ́ fún mi, pe takisí."

Mo ní ara rẹ̀ ò yá. Ó ní ara òun yá ju tèmi lọ. Òótọ́ ni.

Ọ̀gá wa ló wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí àwọn èèyàn. Ó rí wa. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ojú kúrò, ó wá fa ìyá mi lọ́wọ́ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màámi, iwájú ni kí ẹ jókòó." Ìyá mi bojú wẹ̀yìn wò mí, bí ẹni tó ń sọ pé, ṣó o rí i?

Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lára ògiri.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ṣe Baba ń fọwọ́ táràrà kiri yàrá. Òṣèrébìnrin yọ́ wọlé, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ìyá mi fà mí láṣọ.

"Ta lèyí?"

"Ẹlòmíì ni, Màámi."

"Ẹni tó wà níbí ṣáájú mi ni? Mo gbọ́ pé wọ́n lé ẹnìkan kí n tó dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Abájọ. Abájọ tí Baba fi ń ti gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé."

Òṣèrébìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ki bébà bọ inú aṣọ. Baba ń pè é, ó ń dáhùn pé, "Mo wà níbí, Baba, ilẹ̀ ni mò ń gbá." Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn: "Olè!" Àwọn tó kù gbà á: "Olè! Olè!" Ìyá mi na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ohùn rẹ̀ sì já gaara láàárín gbogbo wọn:

"Olè! Ojú ò tì ẹ́! Ẹni tí ò ríran lò ń jà lólè!"

Òṣèrébìnrin gbọ́ ọ. Ó yíjú sí i, ó yọ ahọ́n sí i, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo di ìdì kọ́kọ́rọ́ mú kó má baà dún.

Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ sójú pópó. Ìyá mi ò dìde.

"Ó ti tó, Màámi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ká máa lọ síbo? Tèmi ò tíì dé. Tàbí ọjọ́ mìíràn ni? Lọ bá mi bi ọ̀gá yín ìgbà tí wọ́n máa ṣe tèmi."

Mo lọ. Mo kọjá sẹ́yìn ilẹ̀kùn ibi tí kò ti lè rí mi, mo dúró síbẹ̀ fúngbà tó jọ ìgbà tí èèyàn fi ń béèrè nǹkan. Ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Mo padà.

"Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, Màámi."

"Ṣé Àbámẹ́ta náà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.