Àìsàn Ọ̀sẹ̀ Ìsinmi

Wọ́n ní àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Gbogbo Olódì-Àpápá ni ó ti fi òwe yìí gún Àdùfẹ́, ìyá Adékànmí, lára, láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti wọ kánfáàsì sẹ́sẹ̀ tí ó sì sáré gba iwájú ilé wọn kọjá ní ìdájí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Pẹ̀lú ṣòkòtò! Aládùúgbò rẹ̀ kan tilẹ̀ káwọ́ lérí, ó ní ayé ti bàjẹ́. Àdùfẹ́ kò dúró. Ibi tí ó ti ń sáré lọ ni ó ti dá a lóhùn pé ayé tó bàjẹ́, ṣé ìjókòó ni yóò tún un ṣe?

Nǹkan sì ń lé e lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù, jẹun ọ̀sán tán lọ́jọ́ kan, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, iṣẹ́ ni, òun ó lọ rọra fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò dìde mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó wò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, Àdùfẹ́ lọ yẹ ara tirẹ̀ wò, nọ́ọ̀sì sì ní kí ó máa rìn láràárọ̀. Ibi tó ti ń rìn ni ó ti rí àwọn wèrè mẹ́ta tí wọ́n ń sáré láàárín àwọn tírélà tó tò sójú ọ̀nà Àpápá, ni òun náà bá di wèrè kẹrin.

Olórí wọn ni Martins, tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Ajégúnlẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, tó wá di kóòṣì àwọn arúgbó nígbà tí kò sí ọ̀dọ́ tó tún gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìkejì ni Àlàájì Sàídù, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní òun ti jókòó tó fún ayé yìí àti ọ̀run. Ìkẹta ni Ebinimi, obìnrin tó wá láti Bayelsa tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Bọ́ńdírì, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé Àpápá GRA kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti sáré dé abẹ́ igi ńlá kan ní GRA, níbi tí ọ̀nà ti dán tí òjìji sì wà, wọ́n á jókòó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ara. Kálukú á sọ ibi tó ń dùn ún. Orúnkún rèé, gìgísẹ̀ rèé, èékánná tó dúdú rèé. Ẹni tí kò bá ní ibì kankan tó ń dùn ún, wọ́n á máa fura sí i pé ó gun ọ̀kadà lápá kan ọ̀nà. Ìròyìn yìí dùn mọ́ Àdùfẹ́ ju eré fúnra rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, kò sí ẹlòmíì tó ń bi í pé báwo ni ara rẹ̀ ṣe jí.

Ọmọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbádùn. Adékànmí, àkọ́bí rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni òun àti Inúmidùn ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Gbogbo ìgbà tó bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, orin kan náà ni: "Màámi, ẹ jẹ́ kí n wá kó yín. Bí nǹkan bá ṣe yín nínú ilé yẹn, ta ló máa mọ̀?" Àdùfẹ́ á ní Àkúrẹ́ dára, ṣùgbọ́n ta ni òun mọ̀ níbẹ̀? Òun ó kàn jókòó sí pálọ̀ wọn bí àga tuntun ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú u, ó búra fún un. Òun máa sá eré maratọ́ọ̀nù Èkó tó ń bọ̀, bí òun bá sì parí rẹ̀, kí ó má dárúkọ Àkúrẹ́ sí òun létí mọ́ láéláé.

"Tí mo bá wá bá yín nínú àìsàn kí ọjọ́ náà tó pé ńkọ́?" ni Adékànmí bi í.

"Kó mi lọ nígbà náà. N kò ní jiyàn."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ta ló rán an?

Wọ́n sáré títí. Wọ́n sáré nínú ọyẹ́, wọ́n sáré dé Ìjọ́rà wọ́n tún sáré padà, àwọn awakọ̀ tírélà tó sùn sójú ọ̀nà á máa pariwo tẹ̀lé wọn, "Mama, carry go!" Nígbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ kan, Martins kó wọn jọ sábẹ́ igi, ó ní iṣẹ́ ti parí. Kí wọ́n lọ sílé. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn, kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ sókè, kí ara lè kó agbára jọ de ọjọ́ Sátidé.

Àlàájì Sàídù ní, "Kóòṣì, ká máa sáré díẹ̀díẹ̀ ńkọ́?"

"Àlàájì, ẹni tí mo bá gbọ́ pé ó sáré, ì báà jẹ́ òjò ló ń sá fún, kò sí nínú ẹgbẹ́ mi mọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìsinmi dùn, ẹ ò tíì sinmi rí ni. Lọ́jọ́ kìíní, orúnkún Àdùfẹ́ tí kò yọ ọ́ lẹ́nu rí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Lọ́jọ́ kejì, ìgbáròkó rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó. Bó bá dùbúlẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa sá eré tí ẹsẹ̀ kò sá. Ara tó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù púpọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń fi àyè ṣe, ló bá ń wá àìsàn kiri bí ẹni tó ń wáṣẹ́. Martins ti kìlọ̀ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, pé irọ́ ni ara ń pa. Ṣùgbọ́n irọ́ tó bá ń dunni lórúnkún, òótọ́ ló jọ.

Ọjọ́rú ni Adékànmí dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ pálọ̀, ẹ̀yìn nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lára ògiri, àwo iṣu lórí àyà.

"Yéè! Màámi! Ẹ ti ṣubú!"

"Ta ló ṣubú? Mo ń sinmi ni."

"Lórí sìmẹ́ńtì? Pẹ̀lú iṣu?"

"Kóòṣì ló ní kí n máa jẹ iṣu."

"Ó ní kẹ́ ẹ gbé e sáyà?"

Adékànmí fà á dìde. Orúnkún òpùrọ́ yẹn sì yan àkókò náà láti ta á, ni Àdùfẹ́ bá ké "Háà!" kó tó mọ̀. Ọmọ rẹ̀ gbọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní tí ara ìyá òun bá le lóòótọ́, kó sáré dé gééètì kí òun rí i. Inú bí Àdùfẹ́ débi pé ó ti na ẹsẹ̀ kan síta kó tó rántí Martins. Ó fa ẹsẹ̀ náà padà.

"N kò lè sáré."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sáré láti àárọ̀ dọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò lè sáré dé gééètì lónìí?"

"Torí pé mo fẹ́ sáré lọ́jọ́ Sátidé ni n kò fi lè sáré lónìí."

Adékànmí wò ó tàánútàánú. Ó wọ yàrá lọ, Àdùfẹ́ sì ń gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń sọ fún Inúmidùn pé kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá ẹ̀yìn, pé àìsàn Màámi ti wọ ọpọlọ. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń kó aṣọ òun jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni ọmọ náà dì mú. Kí ni yóò wá fi jiyàn?

Àárín ìyẹn ni ilẹ̀kùn dún, tí Àlàájì Sàídù àti Ebinimi wọlé. Wọn ò lè fara da ilé wọn mọ́. Ìròyìn ara tí wọn ò tíì ṣe láti ọjọ́ Àìkú ti há wọn lọ́fun. Àdùfẹ́ fọwọ́ sẹ́nu pé kí wọ́n rọra, ṣùgbọ́n ta ló ń rí i?

"Ìyá Adékànmí," ni Àlàájì wí, ó di àga mú bí ẹni tó ń gun òkè, "orúnkún mi ti kú. Láti àná. Mo fọwọ́ kàn án, kò dá mi lóhùn."

"Tìẹ kéré!" ni Ebinimi figbe ta. "My chest! Ní òru àná, ó ń lù gbì, gbì, gbì. Mo ní, Ebinimi, o don die be dis."

Àdùfẹ́ fẹ́ dákẹ́. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè jókòó sínú ìròyìn ara kó má dá sí i, ẹnu rẹ̀ sì ti ń yún un.

"Ẹ̀yin ṣì ń mí," ló wí. "Ìgbáròkó tèmi, tí mo bá yí padà lórí ẹní, ẹ ó gbọ́ ọ ní Ìjọ́rà."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, inú wọn ń dùn ṣìnkìn, kálukú ń fi àìsàn lé àìsàn, nígbà tí Adékànmí jáde láti yàrá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ìlàágùn bò ó.

"Gbogbo yín," ló wí, "ó yá, ọsibítù."

Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Ó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọkọ̀, ó ń fọn fèrè títí wọ́n fi dé ọsibítù kan ní Àpápá. Àlàájì Sàídù jókòó síwájú, ó ń gbádùn ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ tírélà kọjá.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi sùúrù yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kúrò lára Ebinimi, ó ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó ní ọkàn wọn ń lù bíi ti àwọn ọ̀dọ́. Ó ní orúnkún Àlàájì kò kú, kò tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Ó bi wọ́n pé ṣé eré kan ni wọ́n ń múra fún ni.

"Mo wí fún ọ!" Àdùfẹ́ kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ti na ìka. "Mo wí fún ọ, o ní ó ti wọ ọpọlọ mi!"

"Dókítà," ni Ebinimi wí, "abeg, wo driver wa náà. Ó ti ń làágùn látàárọ̀."

Adékànmí ní kò sí nǹkan kan tó ṣe òun. Dókítà ní kó ṣáà na apá. Ó we nǹkan mọ́ ọn lápá, ó fún un, ó wò ó. Ó tú u, ó we é mọ́ apá kejì. Ó lọ mú ẹ̀rọ mìíràn wá. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ṣé orí kì í fọ́ yín?"

"Díẹ̀díẹ̀," ni Adékànmí wí. "Iṣẹ́ ni."

Ìka tí Àdùfẹ́ nà sókè wálẹ̀. Àlàájì Sàídù ṣí fìlà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ kó tó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, òun ni ọmọ sọ yìí, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó bíi pé ó ti ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn. Ọmọ tó ń fi gbogbo alẹ́ ṣọ́ òun lórí fóònù láti Àkúrẹ́! Ta ló wá ń ṣọ́ ọmọ náà?

Wọ́n fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Àdùfẹ́ jókòó tì í, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Inúmidùn."

"N kò ní sọ," ni Àdùfẹ́ wí. Ó ti ń tẹ fóònù.

Nígbà tó yá, Adékànmí ní ìyá òun ti borí. Òun kò ní dárúkọ Àkúrẹ́ mọ́, ì báà sáré, ì báà má sáré. Ohun tí Àdùfẹ́ ti ń jà fún láti ọdún yìí wá ni wọ́n gbé fún un lófẹ̀ẹ́ yẹn, kò sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu rárá.

Ó sá eré náà ní Sátidé ṣá o. Kò tíì rìn jìnnà tí orúnkún, ìgbáròkó àti gbogbo àwọn òpùrọ́ tó kù fi sá lọ tí wọn ò dágbére. Ó sáré, ó rìn, ó tún sáré, oòrùn pa á, Àlàájì Sàídù ń gbàdúrà lápá ọ̀tún, Ebinimi ń bú ẹni tó dá eré náà sílẹ̀ lápá òsì. Martins ti parí tirẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí wọ́n fi dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ká àsíá. Adékànmí wà lẹ́nu ìlà pẹ̀lú omi, ó ń sunkún, ó ń pàtẹ́wọ́.

Àdùfẹ́ mu omi náà tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Lọ gbé ọkọ̀ wá. Mo ń bá ọ lọ sí Àkúrẹ́."

"Màámi? Ẹ ti borí! Mo ní mi ò ní dárúkọ ẹ̀ mọ́!"

"Èmi ni mo dárúkọ ẹ̀. Mo ti sin bàbá rẹ. N kò ní jókòó sí Olódì-Àpápá máa sáré kiri, kí ọmọ mi máa sọ pé iṣẹ́ ni. Láràárọ̀ ni n ó máa jí ọ, a ó jọ máa sáré. Má wulẹ̀ bẹ̀ mí."

Ebinimi bú sẹ́kún. Àlàájì Sàídù ní ta ni àwọn ó máa ròyìn ara fún báyìí, Àdùfẹ́ náà sì ń nu ojú. Ó dùn ún wọ egungun, kò sì fi pamọ́ fún wọn.

"Ìgbà wo lẹ wá máa padà?" ni Adékànmí bi í jẹ́jẹ́.

"Ọjọ́ tí o bá sáré tẹ̀lé mi láti Ìjọ́rà dé Àpápá, tí o kò mí hẹlẹhẹlẹ."

Adékànmí wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó wo ikùn ara rẹ̀.

"Màámi," ló wí, "ẹ kó gbogbo aṣọ yín o."